Èkìtì ò ní òkun, àmọ́ a ní ìpín ní wáàfù

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ èbúté bá ti délẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Ékòó máa ń ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé kí ló kan ará orí òkè nínú ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n á ní Kwara ló wà lókè yín, Kogí wà lápá ibí, Òǹdó wà nísàlẹ̀, Ọ̀ṣun wà lápá ọ̀hún, níbo lẹ ti fẹ́ rí òkun. Àwa náà sì ti gbà fún wọn. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ Adó tí kì í kọjá Ìjìgbò sí Bàsìrí, á ní ti Èkó ni òkun, tiwa ni àpáta àti iyán, ó parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ti pẹ́ tọ́rọ̀ náà ti ń yún mi lẹ́nu, torí náà ẹ wá nǹkan fìdí lé, ó máa gùn díẹ̀.

Àpápá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Àpápá tó jẹ́ pé tírélà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ibi ìtàn gidi ni, àti pé ìtàn ọ̀hún, àwa ará òkè ni wọ́n fi kọ ìdajì ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìjọba kúrò lọ́nà. Láti 1976 títí di October 1, 1996, ìpínlẹ̀ Òǹdó ni àwa náà wà, Òǹdó yẹn sì na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, dé Ìgbókọ̀dá, dé Ayétòrò níbi tí òkun ti ń jẹ ilé àwọn èèyàn títí dòní. Odindi ogún ọdún lẹni tó ń ṣàkóso l'Ákùúrẹ́ fi ń ṣe olórí apẹja ní Ìlàjẹ àti oníṣu ní Ìkọ̀lé pa pọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá pín wa, àwa mú òkè, wọ́n mú òkun, mi ò sì tíì gbọ́ ọmọ Èkìtì kan tó ní ó dun òun. Ó yẹ kó dùn wá díẹ̀ ṣá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwa àti omi ti wà kí wọ́n tó máa pín ìpínlẹ̀. Ẹ rántí ogun Kírìjí. Ogun tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ẹ̀ ní September 1886, tí àwọn ọmọ ogun ò sì kúrò lójú ogun tán títí di 1893. Gbogbo wa la mọ orúkọ Fábùnmi, a mọ Ògèdèǹgbé, a lè fi ẹnu kọrin wọn. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ibi tí ìbọn ti wá. Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, tó ń yára yìn ju ṣakabùlà lọ, inú igbó Ìmẹ̀sí kọ́ ló ti hù. Èkó ló ti wá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn làwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ tí wọ́n sì padà wá láti Sàró àti Bràsíìlì, ni wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń fi nǹkan ìjà ránṣẹ́ sílé.

Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ọ̀nà Ẹ̀gbá kì í dá lójú, ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń ṣí i fún. Ní 1872, lásìkò tí Glover ń ṣàkóso Èkó, àwọn Òyìnbó l'Ékòó ṣí ọ̀nà míì ní apá ìlà oòrùn, tó gba Òǹdó. Wọ́n á kó ẹrù sínú ọkọ̀ l'Ékòó, wọ́n á wa ọ̀sà lọ, kọjá Ẹ̀pẹ́, kọjá Lẹ́kí, títí dé etí omi nílẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé ẹrù lérí, ó di Òdè Òǹdó, ó di Iléṣà, ó di ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn ni pé àjẹ̀ wà nínú ìtàn Kírìjí, ọ̀sà wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa ọkọ̀ lóru wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo gbogbo eré orí ìtàgé tí wọ́n máa ń ṣe nípa ogun yẹn ní iléèwé, kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi wọlé. Ẹṣin àti ìbọn nìkan ni.

Ká má sì tan ara wa. Èbúté kan náà yẹn ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ. Kí Òyìnbó tó yìnbọn sí Èkó ní 1851, ọ̀kan pàtàkì ni Èkó jẹ́ nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú ní gbogbo etí òkun yìí, àwọn tí wọ́n sì ń tà, àtòkè ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ ìtàn ojú omi tí kò fẹ́ sọ ìyẹn, kó máa lọ.

Ibi tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn èbúté Èkó ni ọ̀rọ̀ yanrìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí ọkọ̀ òkun ràgàjì ní Àpápá lónìí lè rò pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Òkìtì yanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, ìgbì sì máa ń ru lórí ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, ìta ni wọ́n ń dúró, kí ọkọ̀ kékeré máa lọ já ẹrù àti èèyàn wá, ẹrù míì sì wà tó jẹ́ pé Forcados, èbúté kan lápá Delta, ni wọ́n ti ń já a, kí wọ́n tó tún gbé e padà wá sí Èkó. Ẹ wo wàhálà! 1907 ni wọ́n gbé ọkọ̀ tó ń gbẹ́ yanrìn wá, Egerton lorúkọ ẹ̀. Wọ́n tún wá fi òkúta ṣe ògiri gígùn wọnú òkun lápá méjèèjì kí omi lè máa sáré gba àárín, kó máa gbá yanrìn lọ fúnra ẹ̀. Òkúta wo? Etí òkun Èkó kì í ní òkúta, yanrìn àti ẹrẹ̀ ni. Arọ̀ l'Ábẹ̀òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, rélùwéè ló ń gbé e wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, ṣe ni mo rẹ́rìn-ín. Àpáta òkè ni wọ́n fi la ẹnu òkun Èkó, ẹ tún ń bi mí pé kí ló kàn mí!

(Ògiri òkúta yẹn náà ló wá fa wàhálà Bar Beach o. Yanrìn tó yẹ kó máa rìn lọ sápá ìlà oòrùn ò rọ́nà kọjá mọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Victoria Island ní ọdọọdún, títí wọ́n fi wá kó yanrìn dà sínú òkun tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Eko Atlantic. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.)

Lẹ́yìn tí ọ̀nà ti là ni wọ́n tó wá kọjú sí òdìkejì omi, wọ́n kọ́ èbúté ibi tí ọkọ̀ ńlá mẹ́rin ti lè dúró sí ní Àpápá, 1926 ni wọ́n parí ẹ̀. Rélùwéè wọ ibẹ̀ tààrà. Rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó ní 1896, tó ti dé Ìbàdàn ní 1901, tó ti dé Òṣogbo ní 1907. Kò dé Èkìtì o, kò tíì dé títí dòní, àmọ́ ẹrù wa ń lọ bá a l'Óṣogbo, lórí àwọn tó ń rù ú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nínú bọ́lẹ̀kájà. Ẹrù wo? Kòkó ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí kòkó torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà.

Kòkó kì í tara igi bọ́ sínú ọkọ̀ òkun. Wọ́n á là á, wọ́n á yọ èso inú ẹ̀ tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, wọ́n á kó o jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi òmíì bò ó, á wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, wọ́n á máa yí i kí gbogbo ẹ̀ lè gbóná dọ́gba. Òórùn ẹ̀ nígbà yẹn, ó kan, ó ń ta nímú, kì í tètè kúrò lára aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni sísá. Ìyá mi àgbà ní Ìkẹ́rẹ́ máa ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tú u ká, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, àwa ọmọdé á máa ṣọ́ ewúrẹ́ àti òjò. Òjò ni ọ̀tá. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú lókè Olósùnta, a ti gbọ́ igbe wọn nìyẹn, gbogbo ilé á sáré jáde, ẹni tó ń jẹun á ju òkèlè sílẹ̀. Tó bá ti ń súnmọ́ kó gbẹ, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fún un mọ́wọ́ gírí, wọ́n á dẹtí sí i. Tó bá dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ti tó. Tí kò bá dún, ó tún di ọ̀la. Kò sí ẹ̀rọ kankan o, etí nìkan. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà pé ohun tí àwọn tó ń ra kòkó lókè òkun ń wá ni pé kí omi inú ẹ̀ má ju nǹkan bíi 7 tàbí 8 nínú 100 lọ. Màmá àgbà ò ka ìwé kankan, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí nìdí tí gbígbẹ ẹ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Torí ọkọ̀ òkun ni. Kòkó máa wọnú ọkọ̀ nínú ooru Èkó, ó ń lọ sí Liverpool tàbí Amsterdam nínú òtútù. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń lọ sókè, irin ara ọkọ̀ á máa tutù, ooru tó sé mọ́ inú ikùn ọkọ̀ á kan irin yẹn, á di omi, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó sórí àpò. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn máa ń sọ pé ọkọ̀ ń làágùn. Àpò tó bá ti tutù, kòkó inú ẹ̀ á bu, owó ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń to ẹrù fi máa ń tẹ́ pákó sísàlẹ̀ kọ́kọ́, wọ́n á wá tẹ́ ẹní àti bébà líle sí ẹ̀gbẹ́ kí àpò kankan má fara kan irin, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba àárín. Ẹní ní àgbàlá Ìkẹ́rẹ́, ẹní nínú ikùn ọkọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọ̀tá kan náà ni wọ́n ń bá jà. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyí: ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, tó bẹ̀rẹ̀ láti géètì wáàfù, ó ti pẹ́ dé. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí tírọ́ọ̀kù tó kúrò l'Ékìtì.

Inú ẹbí wa la ti rí ẹni tó dé ìdí ẹ̀ lápá méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, gbogbo wa ń pe wọ́n ní Bàbá Èkó. Wọ́n kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira, wọ́n ṣiṣẹ́ lébúrà ní wáàfù títí ìbàdí fi ní ó tó gẹ́, wọ́n wá padà sílé. Wọ́n ṣì wà láyé, orí wọn pé dáadáa, ẹnu wọn ò sì dákẹ́. Wọ́n ní kí ilẹ̀ tó mọ́ làwọn ti máa ń wà ní géètì, hẹ́ẹ̀dìmáàn á jáde, á máa nawọ́, ìwọ, ìwọ, ìwọ, ẹni tí wọn ò bá nawọ́ sí á padà sílé lọ sùn, ọjọ́ yẹn ò ní owó nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé á bá gáàngì ẹ̀ lọ. Àwọn kan á wà nísàlẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀, níbi tí ooru ti lè pa èèyàn, àwọn kan á wà lórí ọkọ̀ nídìí wíńṣì, àwọn kan á wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ìkọ́ fa àpò sínú àwọ̀n. Tálì kíláàkì á jókòó pẹ̀lú ìwé, á máa fa igi kọ̀ọ̀kan, márùn-ún á pé, á dá a lábùú. Ẹni tí wọ́n bẹ̀rù jù ní wáàfù nìyẹn, wọ́n ní Ọlọ́run lókè, tálì kíláàkì nísàlẹ̀, torí tó bá gbàgbé láti fa igi kan, àpò ti sọ nù nìyẹn, ẹ̀yìn gáàngì ni wọ́n máa wá a sí.

Àpò kòkó 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn jẹ́ lórí èjìká: àpò kan lé ní kílò 60, ó sún mọ́ ìwọ̀n èèyàn kan. Apá òsì ọrùn Bàbá Èkó ní kókó kan tó le gbagidi títí di ìsìnyí, wọ́n máa ń jẹ́ káwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kòkó tí wọn ò sá dáadáa, àwọn á ti mọ̀ ọ́n nímú kó tó dé èjìká, torí òórùn ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á ní, "Èyí, ẹni tó sá a ò ní ìyá." Nínú gáàngì yẹn, Ìgbò wà níbẹ̀, Ùròbò wà níbẹ̀, Ìjọ̀ wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, ará Gánà pàápàá. Wọ́n máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ torí wọ́n ń pe ilé ní ulé, wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, orúkọ tí wọ́n sì ń pè wọ́n níbẹ̀ ni "Uṣu". Uṣu, gbé e wá! Uṣu, sún sẹ́yìn! Wọ́n ní àwọn ò bínú, torí ẹni tí wọn ò bá fún lórúkọ ní wáàfù, wọn ò tíì gbà á nìyẹn.

Wọ́n rí Aureol. Ọkọ̀ funfun tí Elder Dempster, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ń kó èèyàn láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1951 títí dé ìgbà tí bàálù gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1974. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá fẹ́ ṣí, wáàfù á kún fún gèlè, ẹkún àti àdúrà, odindi ẹbí á tẹ̀ lé ọmọ kan tó ń lọ kàwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọ́nnu pé Èkìtì ni ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àtijọ́ yẹn bí wọ́n ṣe débẹ̀. Èbúté yìí ni ọ̀pọ̀ wọn gbà. Tá a bá sì wá wo owó tí wọ́n fi kàwé, owó kòkó tó ti èbúté kan náà lọ ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Western Region bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, kòkó ló gbé e dúró. Àpò ń lọ, ọmọ ń lọ, orí omi kan náà ni.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn: Elder Dempster ní ọkọ̀ tó ń jẹ́ Apapa. Àní orúkọ àdúgbò yìí ni wọ́n kọ sí iwájú ọkọ̀ òkun. Èyí àkọ́kọ́, àwọn Jámánì rì í ní 1917. Wọ́n kan òmíràn, wọ́n tún sọ ọ́ ní Apapa, ìyẹn náà, wọ́n ju bọ́ǹbù lù ú ní 1940. Wọ́n tún kan ẹ̀kẹta lẹ́yìn ogun. Tó bá ṣe ọmọ ni, àbíkú la ò bá pè é. Àwa náà dán an wò o, 1959 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tìjọba sílẹ̀, Nigerian National Shipping Line, wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n fi orúkọ odò wa sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1995, wọ́n kógbá wọlé. Gbogbo gbèsè, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti mọ bó ṣe máa ń parí.

1975 ni ọdún tí Bàbá Èkó máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ tí wọ́n á fi máa gbọn orí. Ọdún sìmẹ́ńtì. Ìjọba ológun ra sìmẹ́ńtì tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ èbúté Èkó ò lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n wà á. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sẹ́nu omi, òru ni kẹ́ ẹ wò ó, iná ọkọ̀ tàn kárí òkun débi tẹ́ ẹ máa rò pé ìlú kan wà níbẹ̀. Owó ìdúró ni ìjọba ń san fún wọn lójoojúmọ́, sìmẹ́ńtì ń dì nínú ikùn ọkọ̀. Bàbá Èkó ní àpò míì wà tó jẹ́ pé òkúta ni, ẹ máa gbé òkúta onígun mẹ́rin sórí èjìká, ẹ sì mọ̀ pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ tálì kíláàkì ń fa igi, torí náà ẹ gbé e. Wàhálà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n sáré kọ́ Tin Can Island, 1977 ni wọ́n ṣí i.

Ohun tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Kọ̀ntéńà ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà, Malcom McLean, onílọ́rì ni, kì í ṣe atukọ̀, ará ilẹ̀ ni bíi tèmi. Ní 1956 ó kó àpótí irin 58 sórí ọkọ̀ kan, Ideal-X, ó ní kí ló dé tá a fi ń tú ẹrù sílẹ̀ tá a tún ń kó o pa dà, ẹ gbé gbogbo àpótí lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́gbọ́n mu, mi ò lè jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ tí gáàngì máa fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe, kíréènì kan ṣe é tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó fi máa di 2006 tí ìjọba pín èbúté fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ní kó máa lọ. Bàbá Èkó ti wà nílé tipẹ́ nígbà yẹn, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn wà níbẹ̀.

Látìgbà náà, ìtàn wáàfù ti kúrò lórí èjìká, ó bọ́ sójú títì. Gbogbo wa la mọ ti Àpápá tírélà, àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń sùn sórí bíríìjì fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, tí wọ́n ń wẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń se ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Àwọn onílé ńlá ní Àpápá sá kúrò, ilé-iṣẹ́ kó jáde. 2021 ni wọ́n gbé ètò orí fóònù jáde tó ń pe tírélà níkọ̀ọ̀kan, nǹkan rọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà yẹn, àtòkè ni wọ́n ti wá. Ìyẹn náà jẹ́ ogún èbúté, kódà bí kò tiẹ̀ rẹwà nínú fọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá wáàfù jìnnà sí Adó, ẹ lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ra kóòtè lọ́wọ́ wọn. Páálí kílò 20, yìnyín ti so gbogbo ẹja inú ẹ̀ pọ̀, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á sọ ọ́ mọ́lẹ̀ gbàmù, wọ́n á yí i, wọ́n á tún sọ ọ́, wọ́n á wá ti irin kan bọ àárín, ẹja á máa fò jáde níkọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Omi òkun tí ẹja yẹn ti wá, kò sí nínú wa tó dé ibẹ̀ rí. Ọjọ́ kan mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é ní iye tẹ́lẹ̀." Wọn ò tiẹ̀ wo ojú mi. "Iye tẹ́lẹ̀ wà ní Àpápá, ọkọ mi. Ọkọ̀ ò tíì já. Bó bá já, máa pè ẹ́." Wọ́n mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa dé, wọ́n mọ ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù dá dúró, wọ́n mọ iye tí dọ́là jẹ́ láàárọ̀ yẹn. Ká sọ òótọ́, ìròyìn orí rédíò ò mọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Liverpool tó jẹ kòkó wa yó, UNESCO kọ ojú omi wọn sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2004. Ní 2021 wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ti pọ̀ jù. Kò sì mú wọn gbàgbé nǹkan kan, mùsíọ́ọ̀mù wà ní ojú omi yẹn, òmíì tún wà fún ìtàn ẹrú nìkan, 2007 ni wọ́n ṣí i. Mi ò ní kí UNESCO wá bá wa kọ Àpápá sílẹ̀ o. Wọ́n á kàn wá ya fọ́tò àwọn ilé òyìnbó àtijọ́ ni, wọ́n á kùn wọ́n, wọ́n á fi géètì sí i, alábàárù ò sì ní lè wọlé. Àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kí wọ́n fi pamọ́ kéré, wọ́n sì ń tán lọ: ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa àpò, ìwé tálì, òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu ara àpò kòkó kó tó kúrò l'Ékìtì, orin tí gáàngì fi ń gbé ẹrù tí wọ́n bá ti rẹ̀. Ẹní kòkó náà. Kẹ́ ẹ sì gbé wọn sínú ilé kan náà, ẹ má gbé ti Èkó sí Èkó kẹ́ ẹ gbé tiwa sí abẹ́ "ohun èlò àgbẹ̀" ní Adó. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í nìyẹn.

Nǹkan ti ń yí báyìí. January 2023 ni wọ́n ṣí èbúté tuntun ní Lẹ́kí, omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16 àbọ̀, ọkọ̀ tí Àpápá ò lè gbà ń dúró níbẹ̀. Ọ̀nà Lẹ́kí náà ni ìbọn Kírìjí gbà kọjá o, ó kàn jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni tìgbà yẹn. Níbí náà, wọ́n ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí Adó, wọ́n ní ẹrù oko á máa ti ibẹ̀ lọ sókè òkun tààrà, a ò tún ní nílò wáàfù ẹnikẹ́ni. Ata àti ẹ̀fọ́ lè gba bàálù, inú mi dùn sí i. Kòkó ò ní gbà á. Ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, tí kì í bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó bá ti gbẹ dáadáa, omi ló máa bá lọ títí ayé, torí òun ló ṣẹ́ owó kù jù.

Mo sọ ọ̀rọ̀ pápákọ̀ yìí fún Bàbá Èkó nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fọwọ́ pa ọrùn, wọ́n wá bi mí pé tálì kíláàkì mélòó ni wọ́n ti gbà síbẹ̀.